Eruku Ogójì Ọdún Sẹ́yìn: Àlàyé Lórí Mesothelioma àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Tí àgbàlagbà kan bá dé ọ̀dọ̀ dókítà pé òun kò lè mí kanlẹ̀ mọ́, tí wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀ tí wọ́n sì bá omi níbẹ̀, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí dókítà bi í: “Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ṣe nígbà tẹ́ ẹ wà ní géńdé?” Kì í ṣe iṣẹ́ èṣín o. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ogún ọdún ni, bóyá oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n tilẹ̀ fi ṣe é kí wọ́n tó rí èyí tó sàn jù. Bàbá fúnra wọn lè ti gbàgbé rẹ̀. Ọmọ tó gbé wọn wá sí ọsibítù kò tíì dáyé nígbà náà.

Àìsàn tí ìbéèrè yẹn ń wá kiri ni mesothelioma, irú jẹjẹrẹ kan tí eruku òkúta tó ń jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì sábà máa ń fà. Orúkọ náà máa ń dẹ́rù ba èèyàn, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni jókòó ti aláìsàn kó sọ ohun tó jẹ́ fún un ní èdè tó yé e. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ náà ti yí padà gan-an láàárín ogún ọdún, débi pé ohun tí a gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́dún 2005 kò bá ti òní mu mọ́.

Aṣọ tí ẹ̀dọ̀fóró wọ̀

Ẹni tó bá ti kun ẹran ewúrẹ́ rí á ti rí awọ dídán kan tó lẹ̀ mọ́ inú egungun ìhà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, tó máa ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́ tí a bá fẹ́ fi èékánná ya á. Àwa náà ní irú rẹ̀. Ìpele méjì ni: ọ̀kan bo ẹ̀dọ̀fóró, èkejì tẹ́ inú ìhà. Omi díẹ̀ wà láàárín wọn, kò ju síbí tíì mélòó kan lọ, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lára ara wọn bí a ṣe ń mí sínú tí a ń mí síta. Irú awọ yìí kan náà wé ìfun nínú ikùn, ó wé ọkàn, ó tilẹ̀ wé kórópọ̀n ọkùnrin. Jẹjẹrẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ lára awọ yìí ni à ń pè ní mesothelioma. Ti àyà ló pọ̀ jù, bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ti ikùn ló tẹ̀ lé e. Ti ọkàn àti ti kórópọ̀n ṣọ̀wọ́n débi pé ọ̀pọ̀ dókítà kò ní rí ẹyọ kan títí wọ́n á fi fẹ̀yìn tì.

Ibí yìí ni ìdàrúdàpọ̀ àkọ́kọ́ ti ń wá. Àwọn èèyàn máa ń gbọ́ “jẹjẹrẹ” àti “àyà” pọ̀, wọ́n á ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Rárá. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an ló ti ń hù, ó sì sábà máa ń jẹ́ kókó kan tí a lè tọ́ka sí. Mesothelioma ń rìn lára awọ bí ìgbà tí èbu bá ń mú aṣọ, ó ń tàn ká, ó ń mú kí awọ náà nípọn kó sì gan, títí yóò fi há ẹ̀dọ̀fóró mọ́ bí ẹni wọ ẹ̀wù tó fún. Ìdí nìyẹn tí yíyọ rẹ̀ fi ṣòro fún oníṣẹ́ abẹ: kò sí kókó kan tó máa gé jù sọnù.

Sìgá ńkọ́? Sìgá kì í fa mesothelioma. Mo fẹ́ kí èyí yé wa dáadáa, nítorí tí ẹni tó ní in bá ti ń mu sìgá tẹ́lẹ̀, àwọn ará ilé á máa bá a wí pé, “A kúkú sọ fún ọ.” Ẹ̀bi yẹn kò sí níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni pé ẹni tó fa eruku asibẹ́sítọ́ọ̀sì símú, tó tún ń mu sìgá, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ ga ju ti ẹlòmíràn lọ fíìfíì, nítorí náà ó ṣì yẹ kó jáwọ́. Àrùn yìí kì í sì í ràn. Ẹ lè bá ẹni tó ní in jẹun nínú àwo kan náà, ẹ lè sùn sórí ibùsùn kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fi ránṣẹ́ sí i láti ilé ìyá tàbí ti bàbá.

Òkúta tó ń ya bí òwú

Òkúta ni asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, àmọ́ tí wọ́n bá fọ́ ọ, ńṣe ló máa ń ya sí fọ́nrán fọ́nrán bí òwú. Iná kì í jó o, omi kì í jẹ ẹ́, owó rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ rí i pé kò sí bí àwọn oníléeṣẹ́ kò ṣe ní fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì fi ṣe páànù àti sílíìnì, wọ́n fi wé páìpù omi gbígbóná nínú ọkọ̀ ojú omi àti iléeṣẹ́ mànàmáná, wọ́n fi ṣe bíréèkì mọ́tò. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ rẹ̀ ti di orúkọ sílíìnì fúnra rẹ̀: ẹ béèrè lọ́wọ́ káfíńtà kankan ní Ìbàdàn ohun tó wà lókè yàrá ilé àtijọ́, á ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àfọ́kù rẹ̀ la fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀kì. A tún máa ń jù ú sínú iná tí wọ́n fi ń sun ìdọ̀tí ká lè gbọ́ bó ṣe ń dún gbàmù-gbàmù. Kò sí àgbàlagbà tó bá wa wí, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn.

Fọ́nrán yẹn kéré ju irun orí lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Tí a bá fà á símú, ó lè wọlé lọ títí dé ibi tó jìnnà jù nínú ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn á sì dé ara awọ tí mo sọ yẹn. Ara wa ní àwọn ọmọ ogun tó ń gbé ìdọ̀tí mì. Wọ́n á sáré dé ibẹ̀, wọ́n á fẹ́ gbé fọ́nrán náà mì, kò ní ṣeé ṣe, nítorí ó gùn jù wọ́n lọ. Bí adìyẹ tó fẹ́ gbé ẹyọ ìgbálẹ̀ kan mì ni: kò wọlé tán, kò sì ṣeé pọ̀. Ọmọ ogun yẹn á kú, oró inú rẹ̀ á dà sílẹ̀ sára ẹran tó wà nítòsí, òmíràn á tún dé. Báyìí ni ibẹ̀ á máa wú, tí yóò máa jẹrà díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún láìdùn ẹni tó ni ín, títí ìtọ́ni tó ń sọ fún ẹ̀yà ara tíntìntín ibẹ̀ ìgbà tó yẹ kó pọ̀ á fi bàjẹ́, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìgbọ́ràn. Láti ìgbà tí èèyàn fa eruku yẹn dé ìgbà tí àìsàn á yọjú sábà máa ń gba 20 ọdún sí 50 ọdún.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó fà á símú ló ń ṣàìsàn o. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò ní ní in láéláé. Bí eruku ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe pẹ́ tó ló ṣe kókó. Àwọn ìdílé díẹ̀ sì wà tí apilẹ̀ àbùdá kan tó ń jẹ́ BAP1 ti ní àbùkù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn láti ìran dé ìran, èyí tó mú kó yá lára irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ní Tọ́kì, ní àwọn abúlé bíi Karain àti Tuzköy, òkúta mìíràn tó ń jẹ́ erionite, tó jọ asibẹ́sítọ́ọ̀sì ní ìṣe, ló wà nínú ilẹ̀ àti nínú òkúta tí wọ́n fi kọ́lé, àrùn yìí sì pa wọ́n lọ́pọ̀ ju bí ó ti ń pa àwọn ará ibòmíràn lọ.

Bí ayé ṣe mọ̀ pé asibẹ́sítọ́ọ̀sì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá pẹ̀lú, torí ọ̀rọ̀ ikọ́ ẹ̀gbẹ ló bẹ̀rẹ̀. Ní agbègbè Kimberley ní Gúúsù Áfíríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Sleggs ń tọ́jú àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn kan tí omi gbá jọ sí láyà kì í gbọ́ oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Òun, Wagner tó ń fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi yẹ ẹran ara wò, àti oníṣẹ́ abẹ kan, Marchand, pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n sì gbé ìwádìí wọn jáde lọ́dún 1960: èèyàn 33 tó ní mesothelioma, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń wa asibẹ́sítọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù. Àwọn mìíràn nínú wọn kò wọ inú kòtò ìwakùsà rí. Wọ́n kàn gbé nítòsí ni, tí wọ́n ń ṣeré lórí òkìtì rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní London, Newhouse àti Thompson yẹ ọ̀ràn èèyàn 76 wò. Mẹ́sàn-án nínú wọn kò ṣiṣẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì rí, àmọ́ wọ́n bá ẹni tó ń ṣe é gbélé. Ìyàwó ni púpọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́: ọkọ á ti ibi iṣẹ́ dé, eruku funfun á wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀ àti nínú ìpẹ̀kun apá ẹ̀wù rẹ̀, ìyàwó á gbé aṣọ náà lọ sẹ́yìnkùlé, á gbọ̀n ọ́n pàù-pàù kó tó rẹ ẹ́ sómi. Ohun tó ń pa á ni gbígbọ̀n yẹn.

Síbẹ̀, ìjọba ò tètè gbé ìgbésẹ̀. Bìrìtìkó fòfin de asibẹ́sítọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ ilẹ̀ lọ́dún 1985, ó di 1999 kí wọ́n tó fòfin de funfun. Gúúsù Áfíríkà, 2008. Amẹ́ríkà, oṣù kẹta ọdún 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí òfin tó fi de funfun, oríṣi tí wọ́n ṣì ń lò níbẹ̀ nígbà náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé gbogbo oríṣi asibẹ́sítọ́ọ̀sì ló ń fa jẹjẹrẹ, kò sí èyí tó sàn nínú wọn, àti pé àwọn tí iṣẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì ń pa lọ́dọọdún lágbàáyé lé ní 200,000. Ní Bìrìtìkó nìkan, àwọn tí mesothelioma ń pa ṣì lé ní 2,000 lọ́dún kan, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ àwọn tó fa eruku náà símú ṣáájú kí òfin tó dé.

Mo ń ronú nípa àwọn bàbá wa tó lọ kàwé ní London ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Òfin tàbí ìṣirò owó ni wọ́n ń kọ́ lọ́sàn-án, iṣẹ́ iléeṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe lálẹ́ láti fi san owó ilé ìwé. Lẹ́yìn náà wọ́n di lọ́yà, wọ́n di ọ̀gá báńkì, a ò mọ̀ wọ́n mọ́ iṣẹ́ mìíràn. Tí dókítà bá béèrè iṣẹ́ wọn, “lọ́yà ni mí” ni wọ́n máa dáhùn. Ìdáhùn yẹn kò tó. Kí wọ́n dárúkọ iléeṣẹ́ tí wọ́n ti gbálẹ̀, ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ alẹ́, ilé tí wọ́n bá wọn wó. Ó wúlò fún ìtọ́jú, ó sì wúlò fún owó gbà-máà-bínú. Láti ọdún 2014, ètò kan wà ní Bìrìtìkó fún ẹni tó ní mesothelioma nítorí iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀, tí iléeṣẹ́ náà àti adójútòfò rẹ̀ kò sì sí mọ́ láti pè lẹ́jọ́. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí Johns-Manville, ọ̀kan nínú àwọn tó tà á jù, ti sá lọ sábẹ́ òfin àìlè-san-gbèsè lọ́dún 1982, wọ́n ti dá àwọn àpò owó sílẹ̀ tí aláìsàn lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ nínú wọn.

Bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀

Èémí tó ń já ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ hàn. Àtẹ̀gùn tí èèyàn ń gùn tẹ́lẹ̀ láìronú á wá di òkè. Ìrora ìhà lápá kan, ikọ́ gbígbẹ, rírù, kó máa rẹ̀ ẹ́. Ti ikùn a máa mú kí ikùn wú, kí oúnjẹ má wọlé. Kò sí èyí tí àìsàn mìíràn kò lè fà nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Lọ́dọ̀ wa, omi láyà sábà máa ń jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, dókítà tó bá sì kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀ kò ṣàṣìṣe. Àṣìṣe ni kí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ máa lọ fún oṣù púpọ̀, kí omi máa padà wá, kí ẹnikẹ́ni má sì tún béèrè nǹkan kan.

Fífà omi náà fúnra rẹ̀ kò le bí èèyàn ṣe ń rò. Aláìsàn á jókòó, á gbé apá rẹ̀ méjèèjì lé ìrọ̀rí lórí tábìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ á kọjú sí dókítà. Wọ́n á fi skáànù wo ibi tí omi wà, wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ kú, wọ́n á wá ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ àárín egungun ìhà méjì. Omi náà á máa sàn sínú ìgò, pupa rẹ́súrẹ́sú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ á wà nínú rẹ̀. Wọn kì í sábà fà ju lítà kan àbọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Aláìsàn máa ń húkọ́ bí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣe ń ṣí padà, lẹ́yìn náà á mí kanlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Omi yẹn nìkan kì í sábà tó láti fi dá mesothelioma mọ̀. Wọ́n ní láti bu díẹ̀ nínú awọ náà, nígbà púpọ̀ nípa fífi kámẹ́rà kékeré wọ inú àyà, kí onímọ̀ nípa ẹran ara lè pa á láró kó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má ṣe bínú pé èsì pẹ́. Ẹ̀yà mẹ́ta ni àrùn náà pín sí lójú ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi: epithelioid, tó pọ̀ jù tó sì máa ń rọra rìn jù; sarcomatoid, tó le jù; àti biphasic, tó jẹ́ àdàlù méjèèjì. Orúkọ tó bá wà nínú èsì yẹn ló máa darí ìtọ́jú, nítorí náà ẹ béèrè rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìtọ́jú: kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Ohun tó ń dà àwọn ẹbí láàmú jù ni pé wọ́n ń gbọ́ orúkọ ìtọ́jú márùn-ún, wọ́n á rò pé gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ ṣe ohun kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òmíràn wà láti dín jẹjẹrẹ náà kù, òmíràn láti dá a dúró fúngbà díẹ̀, òmíràn kò kan jẹjẹrẹ rárá, èémí tàbí ìrora ló wà fún. Tí dókítà bá dárúkọ ìtọ́jú kan, ìbéèrè tí mo bá ẹnikẹ́ni rọ̀ pé kó bi í ni: “Dókítà, kí ni ẹ fẹ́ kí èyí ṣe fún wọn?” Mesothelioma àyà kò ní ìwòsàn pátápátá lónìí ní ọ̀pọ̀ jù lọ. Ó yẹ ká lè sọ ọ́. Àmọ́ pé kò ṣeé lé lọ pátápátá kò túmọ̀ sí pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Nínú àwọn oògùn, kíímò (chemotherapy), ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ló ti wà tipẹ́ jù. Lọ́dún 2003, ìwádìí ńlá kan fi hàn pé tí wọ́n bá pa oògùn pemetrexed pọ̀ mọ́ cisplatin, ìdajì àwọn aláìsàn ṣì wà láàyè lẹ́yìn oṣù méjìlá, nígbà tí ti cisplatin nìkan jẹ́ oṣù mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Ìwádìí náà ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó rí i pé oró oògùn yìí máa ń dínkù gan-an tí aláìsàn bá ń lo folic acid lójoojúmọ́, tó sì ń gba abẹ́rẹ́ fítámì B12, kí kíímò tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Torí náà, tí wọ́n bá fún bàbá ní folic acid tí kò ju oògùn aláboyún lọ lójú wa, kí a má fi í sílẹ̀ pé fítámì lásán ni. Bákan náà, oògùn ìrora bíi ibuprofen lè bá pemetrexed jà nínú kíndìnrín. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó lò ó. Àgbo náà ńkọ́? Ẹ sọ fún wọn, ẹ má fi pamọ́. Cisplatin fúnra rẹ̀ le lórí kíndìnrín, dókítà kò sì lè ṣọ́ ohun tí kò mọ̀ pé ẹ ń mu.

Èyí tó yí ọ̀rọ̀ padà jù ni immunotherapy. Kì í ṣe kíímò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni wọ́n ti ń fa méjèèjì síni lára. Kíímò ń pa ẹ̀yà ara tó ń yára pọ̀, tó fi dórí irun àti awọ ẹnu. Immunotherapy kì í pa jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara wa ní bíréèkì tí kì í jẹ́ kí wọ́n kọlu ara tiwa, jẹjẹrẹ sì gbọ́n débi pé ó máa ń tẹ bíréèkì yẹn mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa fọwọ́ kàn án. Oògùn nivolumab àti ipilimumab, olúkúlùkù ń tú bíréèkì kan sílẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe fún èèyàn 605, tí èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn oníṣègùn lọ́dún 2021, ìdajì àwọn tó gba oògùn méjèèjì yìí kọjá oṣù 18, ti kíímò jẹ́ oṣù 14. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 23 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ṣì wà, ti kíímò jẹ́ 15. Fún àwọn tí tiwọn kì í ṣe epithelioid, ìyàtọ̀ náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: oṣù 18 sí oṣù mẹ́sàn-án tí kò pé. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n sì ti ń fún àwọn aláìsàn ní Bìrìtìkó láti 2022. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Amẹ́ríkà tún fọwọ́ sí pembrolizumab, tí wọ́n ń pa pọ̀ mọ́ kíímò.

Bíréèkì tí wọ́n tú yẹn ni ẹbí gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Àwọn ọmọ ogun náà lè kọjú sí ara ẹni: ìfun, ẹ̀dọ̀, awọ ara, ẹṣẹ́ tó wà lọ́fun, àní ẹ̀dọ̀fóró. Ìgbẹ́ gbuuru tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn immunotherapy kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹ̀wà àná kò jinná. Ẹ má ra oògùn ìgbẹ́ gbuuru ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kí ẹ sì dákẹ́. Ọsibítù ni kí ẹ pè lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí tí wọ́n bá tètè mọ̀, oògùn wà tó lè pa iná yẹn. Tí wọ́n bá pẹ́, ó lè ṣekú pani. Èyí lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí wọ́n ti dáwọ́ oògùn dúró pàápàá.

Iṣẹ́ abẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn láti gbọ́. “Ẹ kàn bá wa yọ ọ́ kúrò.” Ó yé mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìwádìí sọ. Ní Bìrìtìkó, nínú ìwádìí tó ń jẹ́ MARS 2, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2024, wọ́n pín èèyàn 335 sí méjì: àwọn kan gba kíímò nìkan, àwọn kan gba kíímò pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ ńlá tí wọ́n fi bó awọ tó ní àrùn kúrò lára ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn tó gba kíímò nìkan ló pẹ́ láyé jù. Ìdajì wọn kọjá oṣù 24, ti àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún jẹ́ oṣù 19, ìnira wọn sì pọ̀ jù. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ṣì ń jiyàn pé àwọn aláìsàn díẹ̀ tí wọ́n ṣà dáadáa lè jàǹfààní rẹ̀. Ohun tí èmi gbà ni pé kò yẹ kí ìdílé kankan ta ilẹ̀ láti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ àyà yìí lókè òkun láìbi dókítà náà nípa èsì MARS 2.

Ti ikùn yàtọ̀, ó sì yẹ ká yà á sọ́tọ̀. Níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rò fún ẹni tí ara rẹ̀ gbà á. Wọ́n á ṣa gbogbo èyí tí ojú lè rí kúrò lára ìfun àti ògiri ikùn, iṣẹ́ wákàtí púpọ̀ ni, lẹ́yìn náà wọ́n á da kíímò tí wọ́n ti mú gbóná sínú ikùn náà, á máa yí ká inú rẹ̀ fún bíi wákàtí kan sí méjì kí wọ́n tó fà á jáde. Nínú àkójọ èèyàn 405 láti ọsibítù púpọ̀ tó jáde lọ́dún 2009, ìdajì àwọn tí wọ́n ṣe é fún kọjá oṣù 53. Àwọn tí wọ́n ṣà ni o, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in.

Ìtànṣán (radiotherapy), tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tàn sí ibi tó ní àrùn, wà fún ìrora ní pàtàkì, tí ibì kan bá ń dùn wọ́n láyà. Fún omi tó ń padà wá, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Wọ́n lè fi páúdà tálíkì tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ sáàárín awọ méjèèjì kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra, kí omi má ríbi dúró sí mọ́. Tàbí kí wọ́n fi rọ́bà kékeré kan síbẹ̀ tí yóò máa wà lábẹ́ ẹ̀wù, kí ọmọ tàbí nọ́ọ̀sì lè máa fa omi náà nílé. Mo mọ̀ pé rọ́bà lára máa ń ṣe èèyàn bákan, àmọ́ bàbá tó lè sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ tí kò sì ní máa sáré lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti jèrè púpọ̀.

Kí la fẹ́ fi oṣù wọ̀nyí ṣe?

Mo ti ń sọ “ìdajì kọjá oṣù báyìí”, ó yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí iye yìí ló ń já àwọn èèyàn láyà jù. Ààrin ni. Ìdajì kò dé ibẹ̀, ìdajì sì kọjá ibẹ̀, àwọn tó kọjá yẹn kò ní òdiwọ̀n kan tó sé wọn mọ́. Lọ́dún 1982, wọ́n sọ fún Stephen Jay Gould, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, pé ó ní mesothelioma ikùn. Ó lọ kà nípa rẹ̀, ó rí i pé ààrin ìwàláàyè àwọn tó ní in jẹ́ oṣù mẹ́jọ. Ó mọ ìṣirò, torí náà ó bi ara rẹ̀ pé nínú ìdajì wo lòun máa wà. Ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, wọ́n tètè rí i, ìtọ́jú tó dára wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀. Ogún ọdún ló tún lò láyé, jẹjẹrẹ mìíràn ló sì pa á lọ́dún 2002. Kì í ṣe pé gbogbo èèyàn máa rí bíi tirẹ̀. Àmọ́ iye inú ìwé kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dá fún ẹnì kan.

Ìrètí kan náà yẹn ni àwọn ẹlẹ́tàn ń jẹ lé lórí. Steve McQueen, òṣèré fíìmù tí àwọn bàbá wa ń wò ní sinimá, ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tó wà lọ́mọ ogun, níbi tó ti ń bó ohun tí wọ́n fi wé páìpù. Lọ́dún 1979 wọ́n sọ fún un pé mesothelioma ni. Nígbà tí àwọn dókítà sọ pé kò sí ohun púpọ̀ táwọn lè ṣe, ó lọ sí Mẹ́síkò, sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi oògùn tí kò ní ẹ̀rí àti fífi kọfí fọ ìfun wo jẹjẹrẹ. Ó kú níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1980 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kan, ó jẹ́ ẹni 50 ọdún. Owó kò wọ́n ọn, ọgbọ́n kò sì wọ́n ọn. Ìbẹ̀rù ló gbé e dé ibẹ̀, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Àmọ́ ẹni tó bá ń ta ìwòsàn mesothelioma nínú ìgò lórí fóònù, ẹ bi í pé kó fi ẹnì kan tó wò sàn hàn yín, pẹ̀lú èsì ẹran ara tí wọ́n yẹ̀ wò.

Ní Nàìjíríà, owó immunotherapy ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ, kí a má parọ́ fúnra wa. Ìtọ́jú tó ń mú ìrora àti èémí rọrùn sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọsibítù UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka kan fún un, wọ́n sì máa ń lọ bá aláìsàn nílé pàápàá. Ibi tí mo ti ń rí ìdílé tó ń ṣìnà ni mọfíìnì, oògùn ìrora tó lágbára. Wọ́n á ní ó máa sọ bàbá di ajoògùnyó, wọ́n á wá fi í pamọ́, bàbá á máa mí hẹ̀lẹ̀-hẹ̀lẹ̀ lóru. Mọfíìnì tí dókítà bá wọ̀n, tí wọ́n ń lo díẹ̀díẹ̀, a máa mú ìrora lọ, a sì máa mú kí àìlèmí náà má dẹ́rù bani mọ́. Ó máa ń mú kí ìgbẹ́ gan, torí náà wọ́n á fi oògùn ìyàgbẹ́ kún un.

Ó ku ọ̀rọ̀ sílíìnì tó wà lórí wa. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì tó wà lókè jẹ́ẹ́, tí kò sán, tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà, kì í dédé pa ẹni tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́ ni ọjọ́ ewu. Káfíńtà wa á gun àkàbà, á gbé òòlù, á fọ́ ọ gbàgà, ọmọ iṣẹ́ á dúró nísàlẹ̀ á máa gbálẹ̀, oòrùn á wọlé láti ojú fèrèsé, ẹ ó sì rí eruku náà tó ń léfòó nínú ìtànṣán oòrùn bíi lúbúlúbú. Tí kò bá sí àgbà oníṣẹ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀ nítòsí, ó kéré tán kí wọ́n bu omi sí i kó rin gbindingbindin kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n tú ìṣó rẹ̀ kí wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ lódindi dípò kí wọ́n fọ́ ọ, kí wọ́n má fi ayùn gé e, kí wọ́n má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ibẹ̀, kí àwọn ọmọdé kúrò nílé. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú kò lè dí fọ́nrán yẹn lọ́nà. Kí wọ́n sì rẹ aṣọ iṣẹ́ sómi níbi tí wọ́n ti bọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má gbọ̀n ọ́n.